Bí bàbá ọmọ kò bá san owó ìtọ́jú, ṣé ìyá lè ní kò ní fojú kan ọmọ mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, amòfin wa. Èmi àti ọkọ mi ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ọdún tó kọjá, a kò sì tíì kọ ara wa sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ọmọ wa méjèèjì wà. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. A jọ fẹnu kò pé bàbá wọn yóò máa fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, yóò sì máa wá kó wọn ní òpin ọ̀sẹ̀. Láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn, n kò rí owó kankan gbà, àmọ́ òun ṣì ń wá kó ọmọ. Ó ń dùn mí wọra. Ṣé mo lè sọ fún un pé kò ní fojú kàn wọ́n mọ́ títí yóò fi san gbogbo gbèsè náà? Ṣé dandan ni kí n kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kí n tó lè béèrè owó? Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè mìíràn sì ní kí n máa kó wọn bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ṣé mo lè lọ? Èyí àgbà náà ní òun á bá mi lọ.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá yín lóhùn ní ṣókí, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ dúró. Rárá, ẹ má ṣe tìtorí owó dí i lọ́wọ́ láti rí àwọn ọmọ rẹ̀. Rárá, kò dìgbà tí ẹ bá kọ ara yín sílẹ̀ kí ẹ tó béèrè owó ìtọ́jú wọn. Ọ̀la gan-an lẹ lè bẹ̀rẹ̀. Ní ti ìrìn àjò, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kò sọ orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé, òfin ìdílé sì máa ń yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, kódà láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì nínú orílẹ̀-èdè kan náà. Ṣùgbọ́n lórí ìbéèrè yín àkọ́kọ́, ohùn àwọn òfin wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣọ̀kan. Ìdí ni pé owó ìtọ́jú kì í ṣe owó yín, rírí ọmọ náà kì í sì í ṣe ẹ̀bùn tí ẹ ń fún bàbá wọn. Ọmọ ló ni méjèèjì. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 1989, sọ ọ́ ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Abala 9 ní ọmọ tí kò gbé pẹ̀lú òbí kan ní ẹ̀tọ́ láti máa rí òbí náà déédéé, àfi bí rírí i bá máa pa ọmọ lára. Abala 27 ní kí ìjọba gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ láti gba owó ìtọ́jú ọmọ lọ́wọ́ òbí tó jẹ ẹ́, yálà nílé tàbí ní ilẹ̀ òkèèrè. Kò sí ibi tí wọ́n ti so ọ̀kan mọ́ èkejì.

Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn yẹn ṣùgbọ́n kò tíì jẹ́ kó di òfin tó dè é. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ máa bá níbẹ̀. Òfin ìdílé ìpínlẹ̀ Texas sọ ọ́ lọ́nà méjèèjì: adájọ́ kò gbọdọ̀ pàṣẹ pé ìgbà tí òbí bá sanwó ni yóò rí ọmọ, kò sì gbọdọ̀ pàṣẹ pé ìgbà tó bá rí ọmọ ni yóò sanwó. Ti California ní bí ẹni tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bá tilẹ̀ dí ìkejì lọ́wọ́, ojúṣe ìkejì láti sanwó ṣì wà digbí. Ní Jámánì, ìwé òfin wọn ní ọmọ ló ni ẹ̀tọ́ láti rí òbí kọ̀ọ̀kan, òbí kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀tọ́ àti ojúṣe láti máa rí ọmọ. Ní Gúúsù Áfíríkà, bí àṣẹ kóòtù bá ti wà lórí rírí ọmọ, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí òbí tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ rú u. Òfin Ọmọdé wọn ti 2005 fàyè gba ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún kan fún un.

Mo mọ̀ pé èyí lè dà bí ìyà lórí ìyà létí yín. Ẹni tí kò sanwó ló ṣẹ̀, ẹ̀yin la tún ń sọ fún pé kí ẹ fara balẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó ṣeé ṣe kí òun kọ́kọ́ dé kóòtù. Ẹjọ́ tí yóò pè kò ní dá lórí owó rárá. Yóò ní wọ́n dí òun lọ́wọ́ láti rí ọmọ òun. Adájọ́ yóò gbọ́ tẹnu ẹ̀yin méjèèjì lóòótọ́, torí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni yóò wá máa ṣàlàyé ara yín dípò òun. Nínú gbogbo ohun tí adájọ́ máa ń wò kó tó pinnu ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ yóò máa gbé, ọ̀kan wà tí àwọn òbí kì í fojú sí: ta ni nínú àwọn méjèèjì ló máa jẹ́ kí ọmọ mọ òbí kejì rẹ̀? Mo ti rí ìyá tó tọ́jú ọmọ dáadáa, tí ẹjọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin lórí ohun gbogbo, tó jẹ́ pé ibi kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ti rí nǹkan sọ sí i. Ẹ má ṣe fún wọn ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ.

Ohun kan wà tó yí gbogbo èyí padà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ohun tí mo kọ sókè láìka èyí. Bó bá jẹ́ pé bàbá wọn máa ń lù yín tàbí lu àwọn ọmọ, tó máa ń mu ọtí yó kó tó wakọ̀ gbé wọn, tàbí tí ọmọ bá sọ ohun kan fún yín tó já yín láyà, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ owó. Ẹ kó ọmọ sí ibi tí kò séwu ná, kí ẹ sì lọ sí ilé-ẹjọ́ tàbí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá láìjáfara, kí adájọ́ lè pàṣẹ ààbò fún yín, tàbí kó ní kí ẹlòmíràn máa wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá bá ń rí wọn. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí ẹ sọ. Bí ẹ bá da ẹ̀rù yín pọ̀ mọ́ gbèsè oṣù márùn-ún, wọ́n lè rò pé owó ló bí ẹ̀sùn náà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá owó náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí màá bi yín ni pé, ṣé ẹ mọ ìdí tó fi dáwọ́ dúró? Ẹni tó ti ń sanwó déédéé kó tó dákẹ́ lójijì lè ti pàdánù iṣẹ́, tàbí kó máa ṣàìsàn. Ẹ kọ̀wé sí i ní ìrọ̀rùn, kí ẹ má bú u, kí ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì tọ́jú èsì rẹ̀. Bó bá dáhùn pé òun kò níṣẹ́, iye owó lè yí padà. Bó bá dáhùn pé òun kò ní san nítorí pé ẹ̀ ń bí òun nínú, ẹ̀rí ńlá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún yín yẹn. Bí kò bá fèsì rárá, ìyẹn náà ní ìtumọ̀ níwájú adájọ́.

Àìlera tó wà nínú ọ̀ràn yín ni pé ẹnu lásán lẹ fi ṣe àdéhùn. Ojúṣe bàbá láti bọ́ ọmọ rẹ̀ wà lóòótọ́, yálà ìwé wà tàbí kò sí, ṣùgbọ́n agbára láti fi ipá gba owó inú àṣẹ kóòtù tàbí ti ìjọba ló ti ń wá. Nítorí náà, ẹ gba àṣẹ. Ní àwọn ilẹ̀ kan, kóòtù ni ẹ máa lọ. Ní òmíràn, iléeṣẹ́ ìjọba ló máa ṣírò rẹ̀ láìsí pé ẹ rí adájọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí: fún ẹni tí owó rẹ̀ wà láàárín £200 sí £800 lọ́sẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó orí, ìṣirò náà máa ń jẹ́ 12% fún ọmọ kan, 16% fún ọmọ méjì, 19% fún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Texas, 20% ni fún ọmọ kan, 25% fún méjì, nínú owó tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ owó orí àti àwọn nǹkan mìíràn. Ọ̀pọ̀ jù lọ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà yòókù máa ń da owó tó ń wọlé fún bàbá pọ̀ mọ́ ti ìyá, wọ́n á wo iye tí àwọn òbí tó ní irú owó bẹ́ẹ̀ ń ná lórí ọmọ, wọ́n á sì pín in fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Ní Nàìjíríà, kò sí ìṣirò kankan tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ nínú Òfin Ọ̀ràn Ìgbéyàwó ti 1970, èyí tó wà fún ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe lábẹ́ òfin ìjọba: adájọ́ ni yóò wo ohun tí òbí kọ̀ọ̀kan ní, agbára rẹ̀ láti rí owó, àti ìwà rẹ̀, kó tó dá iye kan.

Ẹ máa gbọ́ pé iye òru tí ọmọ bá sùn lọ́dọ̀ bàbá lè dín owó kù. Òótọ́ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá tó òru 52 lọ́dún, wọ́n á yọ ìdá kan nínú ìdá méje. Tó bá tó 104, wọ́n á yọ méjì nínú méje. Ibí yìí nìkan ni owó àti rírí ọmọ ti kan ara wọn, ìdí rẹ̀ sì ni pé ọmọ tó sùn lọ́dọ̀ bàbá ń jẹun lọ́dọ̀ bàbá. Kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ń fi owó ra ọmọ. Bí òbí kan bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún òru púpọ̀ kìkì kí owó lè dín kù, tàbí tí èkejì ń dín òru kù kí owó lè pọ̀ sí i, kì í pẹ́ tí adájọ́ fi máa ń rí i.

Ẹ̀rí ni iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ iye tó fi ránṣẹ́ sílẹ̀, oṣù kan tẹ̀ lé òmíràn, kí ẹ fi ìwé báńkì tì í. Ẹ kó owó ilé-ìwé, owó ilé, owó oògùn, aṣọ àti oúnjẹ àwọn ọmọ jọ, kí risíìtì wà níbi tó bá ti lè wà. Bó bá ń ṣiṣẹ́ olóṣù, kò ṣòro láti mọ iye tó ń gbà. Bó bá ń ṣòwò tirẹ̀, tó sì ní òun kò rí nǹkan kan, ẹ ṣàkọsílẹ̀ bó ṣe ń gbé ìgbé ayé rẹ̀: ilé tó ń gbé, ọkọ̀ tó ń wà, ìrìn àjò tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ kóòtù ló lè dá iye owó lórí agbára tí ènìyàn ní láti ríṣẹ́ ṣe, kó má jẹ́ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ pè nìkan. Kí ẹjọ́ gan-an tó parí, ẹ tọrọ àṣẹ fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ẹjọ́ lè pẹ́, ebi kì í sì í dúró de adájọ́.

Lẹ́yìn tí àṣẹ bá ti wà, ọwọ́ òfin gùn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Wọ́n lè yọ owó náà nínú owó oṣù kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè gba owó orí tí ìjọba fẹ́ dá padà fún un, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, bí gbèsè bá sì kọjá $2,500, ìjọba kò ní fún un ní ìwé ìrìnnà tuntun. Láti 1986 sì ni òfin àpapọ̀ níbẹ̀ ti sọ pé oṣù kọ̀ọ̀kan tí kò san ti di ìdájọ́ fúnra rẹ̀, adájọ́ kò sì lè padà sẹ́yìn pa á rẹ́. Mo ń sọ èyí fún àwọn bàbá àti ìyá tó ń san owó pẹ̀lú: ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ ni kí ẹ gba kóòtù lọ, kí ẹ ní kí wọ́n yí iye náà padà. Ẹni tó jókòó sílé tó ń retí pé adájọ́ yóò ṣàánú òun lọ́jọ́ iwájú ń to gbèsè jọ. Ní Jámánì, bí òbí kan kò bá san, ìjọba fúnra rẹ̀ lè máa san iye kan fún ọmọ títí di ọdún 18, kó wá máa lé òbí náà gba owó rẹ̀ padà. Ẹ béèrè bóyá irú ètò bẹ́ẹ̀ wà níbi tí ẹ wà.

Ó lè wá bá yín pé, "Jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ owó, màá fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ọ pátápátá." Ẹ má gbà. Ohun tí kì í ṣe tiyín lẹ ń tà yẹn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1991 lórí owó ìtọ́jú ọmọ tilẹ̀ sọ pé gbólóhùn èyíkéyìí nínú àdéhùn tó bá ní kí òbí má béèrè owó náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ní ti ìkọ̀sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni, mi ò sì ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ó ń tú okùn ìgbéyàwó, ó sì ń ṣí ọ̀nà láti pín dúkìá. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ti kúrò níbi tí ènìyàn ti gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ẹnì kejì ló jẹ̀bi. California bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1970. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ibẹ̀ ní oṣù kẹrin 2022, ó kéré tán yóò sì gba ọ̀sẹ̀ 26 kó tó parí níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, òfin sì ka àwọn ohun tó lè jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ẹni tó ṣẹ ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè jẹ́ òbí dáadáa. Adájọ́ kì í fi ọmọ san ẹ̀san fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Òfin Nàìjíríà tí mo dárúkọ yẹn pàápàá sọ pé ire ọmọ ló gbọ́dọ̀ borí nígbà tí adájọ́ bá ń pinnu ọ̀dọ̀ ẹni tó máa wà.

Ire ọmọ yìí ni àwọn òbí máa ń bi mí jù pé kí ló túmọ̀ sí. Adájọ́ yóò wo ẹni tó ti ń tọ́jú wọn látìgbà yìí wá, ilé-ìwé àti àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti mọ̀, ìlera wọn, bóyá a lè pa ọmọ ìyá pọ̀ sójú kan, ewu tó bá wà, àti bí òbí kọ̀ọ̀kan ṣe lè pèsè ohun tí wọ́n nílò. Owó tó pọ̀ jù kọ́ ló ń gba ọmọ; owó ìtọ́jú wà láti dí àlàfo yẹn. Kò tún sí lónìí, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, pé ìyá ló máa ń gbà á dandan tàbí bàbá. Ẹ sì mọ̀ pé ohun méjì ló wà nínú àṣẹ lórí ọmọ: ibi tí ọmọ ń sùn, àti ẹni tó ní ẹnu lórí àwọn ìpinnu ńlá bí ilé-ìwé, iṣẹ́ abẹ àti ìrìn àjò. Ọmọ lè máa gbé lọ́dọ̀ yín kí bàbá rẹ̀ ṣì ní ẹnu lórí èkejì. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè yín ìkẹta ti wọlé.

Ẹ má ṣe kó àwọn ọmọ kúrò nílùú láìjẹ́ pé bàbá wọn gbà, tàbí pé kóòtù gbà. Àdéhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe ní ìlú Hague ní 1980 lórí ọmọ tí òbí kan gbé sá lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Bí ilẹ̀ tí ẹ wà àti ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín wà bá jọ wà nínú rẹ̀, bàbá wọn lè béèrè pé kí wọ́n dá wọn padà. Bó bá gbé ìgbésẹ̀ kí ọdún kan tó pé, kóòtù ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n padà, àfi nítorí àwọn ìdí díẹ̀ tí kò rọrùn láti fi hàn, bí ewu ńlá fún ọmọ. Kóòtù yẹn kò ní yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀yin lẹ tọ́jú wọn jù. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbé tẹ́lẹ̀ ni yóò ní kí wọ́n ti lọ jẹ́ ẹjọ́ náà. Ẹ ó wá padà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbé ọmọ sá lọ, èyí yóò sì wà lójú adájọ́ nígbà tó bá ń pinnu lórí ibi tí wọ́n máa gbé. Àwọn ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń ka á sí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ tí èyí àgbà sọ náà ní ìtumọ̀. Abala 12 nínú àdéhùn 1989 ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu ọmọ tó bá lè sọ èrò rẹ̀, kí wọ́n sì kà á sí bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ ṣe tó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè sọ ohun tó fẹ́. Kò lè pinnu. Ẹni tí kóòtù yàn ló sábà máa ń bá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ náà, nígbà mìíràn adájọ́ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe bi í pé ta ló fẹ́ràn jù, ẹ má sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń dá ọ̀rọ̀ àgbà mọ̀ lẹ́nu ọmọ, ẹrù yẹn sì wúwo jù fún un.

Bó bá jẹ́ ìbẹ̀wò lásán lẹ fẹ́ lọ, ẹ kọ̀wé sí bàbá wọn: ọjọ́ tí ẹ máa lọ, ọjọ́ tí ẹ máa dé, àdírẹ́sì ilé ẹ̀gbọ́n yín, nọ́ńbà tí yóò fi máa bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, àti àwọn ọjọ́ tí yóò fi kó wọn dípò òpin ọ̀sẹ̀ tó bá pàdánù. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì mú ìwé náà dání, torí wọ́n lè béèrè rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ lọ gbé ibẹ̀ ni, ẹ kó o pọ̀ mọ́ ìwé tí ẹ máa fi béèrè owó ìtọ́jú, kí adájọ́ kan náà lè wo méjèèjì. Yóò bi yín níbo ni wọ́n máa gbé, ilé-ìwé wo ni wọ́n máa lọ, iṣẹ́ wo lẹ máa ṣe, báwo ni bàbá wọn yóò ṣe máa rí wọn, ta ni yóò sì san owó ìrìn àjò náà. Ẹ kọ ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn sílẹ̀ kí ẹ tó lọ bá agbẹjọ́rò níbi tí ẹ wà. Bí kò bá sí owó agbẹjọ́rò, ẹ béèrè ọ́fíìsì tó ń gba ẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́ ní kóòtù náà fúnra rẹ̀.